Ìṣirò tí ó gba pé kí a fi nǹkan pamọ́

Nínú ìwádìí físíìsì, nínú kẹ́mísírì, nínú ìwádìí ẹnu àwọn ará ìlú àti nínú ààbò kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gba èsì òun gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fi pamọ́, kí ó sì mọ ẹni tí yóò fi í pamọ́ fún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti Kàbà àti Ìyàrá títí dé Mopa àti Ìsánlú lè fi apá kan nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìra ohunkóhun ju bébà àti bírò lọ.

Fermilab, ilé ìwádìí físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, ni ẹ jẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ìbátan electron, èérún tíntìntín tó ń gbé iná, ni muon, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 207. Bí ó bá wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni ó máa ń yí, tí orí rẹ̀ á máa fì bíi ti òkòtó tí àwọn ọmọdé ta sílẹ̀. Bí ó ṣe ń yára fì tó ni wọ́n ń wọ̀n. Òrùka mágínẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ tó mítà 14, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 1.45 tesla. Aago tí wọ́n fi ń kà á yẹ kí ó máa lù nígbà mílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ènìyàn méjì péré, tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ olùwádìí náà, ló mọ iye tí wọ́n yí i sí. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi í sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Àwọn onímọ̀ ṣe gbogbo ìṣirò wọn, wọ́n wá àṣìṣe, wọ́n tún un ṣe, láìmọ̀ bóyá ibi tí wọ́n ń lọ jìnnà sí ohun tí àwọn onítíọ́rì sọ tàbí ó sún mọ́ ọn. Ìgbà tí gbogbo wọn fẹnu kò pé iṣẹ́ ti parí ni wọ́n tó já àpòòwé.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí èsì bá yàtọ̀ sí ohun tí a ń retí, a ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bí ó bá bá ìrètí wa mu, a ó pa ìwé dé, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Ní 1913, Millikan, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, gbé iye iná tí ó wà lára electron kan jáde. Iye náà kéré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé òṣùwọ̀n tí ó lò fún bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó kò tọ̀nà. Ó di àwọn ọdún 1930 kí wọ́n tó rí ibi tí àṣìṣe náà ti wá.

Èsì àkọ́kọ́ láti Fermilab jáde ní 2021. Nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Brookhaven, ilé ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ṣáájú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti tíọ́rì tó sigma 4.2 (sigma ni a fi ń wọn bí ìyàtọ̀ ṣe ju ohun tí èèṣì lásán lè mú wá lọ tó). Èsì ìkẹyìn jáde ní oṣù kẹfà 2025: nọ́mbà tí wọ́n fà yọ nínú bí muon ṣe ń fì jẹ́ 0.001165920705, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá 127 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Lọ́dún kan náà, àwọn onítíọ́rì yí ọ̀nà ìṣirò tiwọn padà, àlàfo náà sì dí. Sójú tèmi, níbí ni àpòòwé ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ: tíọ́rì ló sún, òṣùwọ̀n dúró síbi tó wà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó wọ̀n ọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tó wù wọ́n.

Sigma 4.2 dà bí ohun ńlá, àmọ́ sigma 5 ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó pe nǹkan ní àwárí. Èyí túmọ̀ sí pé bí kò bá sí nǹkan tuntun rárá, àǹfààní pé kí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì yọjú jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù 3.5. Wọn kì í ṣe agídí. Ní oṣù Kejìlá 2015, àmì èérún tuntun kan yọ ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, níbi 750 GeV (òṣùwọ̀n agbára èérún); nígbà tí àkójọ wọn pọ̀ sí i, kí ó tó di ìparí oṣù kẹjọ 2016, àmì ọ̀hún ti pòórá.

Fífi nǹkan pamọ́ wúlò nídìí láfún náà. Wọ́n ń fi bébà picrate, bébà tí a rì sínú kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ bí ó bá kan sáyánáìdì, wo sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù nínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́: mílígíráàmù 100 ìyẹ̀fun nínú ìgò kékeré, bébà tó ní èròjà enzyme nínú, omi mìlílítà kan, kí a gbé bébà pupa rúsúrúsú náà kọ́ sókè nínú rẹ̀ láìkan omi, kí a dé e pa mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti máa yí sí bí ara igi bí sáyánáìdì bá wà. Mílígíráàmù 10 nínú kílò kan ni òdiwọ̀n FAO àti WHO fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ojú: ẹni tó bá mọ̀ pé ti ìyá òun ni ìgò yìí á rí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn kọ nọ́mbà sára ìgò, kí ó sì tọ́jú ìwé tí orúkọ wà lọ́wọ́. Kí ìgò kan wà tí a kò fi ìyẹ̀fun sí. Bí bébà tirẹ̀ bá yí àwọ̀, ẹ da gbogbo èsì ọjọ́ yẹn nù.

Ní 1965, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Warner wá ọ̀nà láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́wọ́. Irú rẹ̀ kan tí àwọn mìíràn mú jáde lẹ́yìn rẹ̀ rèé. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ mọ iye àwọn tó ń da oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà. Ẹ ká bébà mẹ́rin bákan náà sínú àpò: méjì ní "sọ òtítọ́", ọ̀kan ní "sọ bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀kan ní "sọ bẹ́ẹ̀ kọ́". Oníkálukú á fa ọ̀kan, á wò ó láìfihàn, á dá a padà, á sì dáhùn. Bí 80 nínú 200 bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn 0.40, ẹ yọ 0.25 kúrò, ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po méjì: 0.30. Ó ní iye tó ń náni: àṣìṣe rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ìbéèrè tààrà ìbá ní nǹkan bí 3. Ó gba ènìyàn tó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ kí ó tó ṣe déédéé rẹ̀. Ẹ má fi ìdérí ìgò rọ́pò bébà o, kì í ṣubú sójú méjèèjì lọ́gbọọgba.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù rèé. Oníkajú mẹ́ta fẹ́ mọ àpò tí àwọn ní lápapọ̀, kí wọ́n lè bá oníbàárà ńlá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí èkejì mọ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ní 47, èkejì 62, ẹ̀kẹta 35. Kí gbogbo ìṣirò wà nínú 1000, ìyẹn ni pé bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa yọ 1000 kúrò. Àkọ́kọ́ pín 47 sí 318, 905 àti 824 (àròpọ̀ 2047, ó ku 47). Èkejì pín 62 sí 540, 77, 445. Ẹ̀kẹta pín 35 sí 690, 213, 132. Oníkálukú á tọ́jú ìpín kan, á sì fi àwọn yòókù ránṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ro 318, 540, 690: 548. Èkejì ro 905, 77, 213: 195. Ẹ̀kẹta ro 824, 445, 132: 401. Mẹ́ta yìí nìkan ni wọ́n kà síta: 548 + 195 + 401 = 1144, ó ku 144. Ẹ ro 47, 62 àti 35 wò.

Ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ sí ìkọ̀kọ̀ ẹni tó ni ín, kì í ṣe sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ má fi orí lásán ronú nọ́mbà. Ẹ fa á nínú àpò tàbí kí ẹ jẹ́ kí fóònù yàn án, nítorí ọwọ́ ènìyàn máa ń padà síbi kan náà. Ènìyàn méjì péré kò ṣeé ṣe: oníkálukú á kàn yọ tirẹ̀ kúrò. Bí méjì nínú mẹ́ta bá sì gbìmọ̀ pọ̀, àṣírí ẹ̀kẹta tú. Òdiwọ̀n 1000 náà gbọ́dọ̀ ju àròpọ̀ gidi lọ. Kò sì sí ìṣirò tó lè dá ẹni tó purọ́ nípa àpò rẹ̀ mọ̀. Ní oṣù kìíní 2008, nǹkan bí 1,200 àgbẹ̀ ní Denmark fi irú ọ̀nà yìí ta ẹ̀tọ́ láti gbin súgà beet lójú gbàǹjo, láìsí ẹni tó rí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ san.

Àléébù kan kù: bí fóònù ẹnì kan bá kú láàárín iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dúró. Fún ẹgbẹ́ tó pọ̀, ẹ lo ọ̀nà tí Shamir, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 1979, tí ìpín mẹ́ta èyíkéyìí nínú márùn-ún fi lè mú ìdáhùn jáde, tí méjì kò sì ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn gba kọ̀ǹpútà tàbí ẹni tó mọ ìṣirò polynomial dáadáa.