Ẹ má jẹ́ kí Grafana máa yan ìlà òòró fún yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe dashboard néẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé auto rọrùn, ìyẹn kí Grafana, ẹ̀rọ tó ń ya gíráàfù, fúnra ẹ̀ yan nọ́ńbà ìsàlẹ̀ àti tòkè fún ìlà òòró; èèyàn á kàn kọ query, àwọ̀ á yọ, ìlà á máa lọ sókè sódò, ọ̀gá á ní ó dáa. Àmọ́ tí alert bá dún ní aago méjì òru, tó sì jẹ́ ẹni tí ò mọ línkì yẹn rí ló wà lórí díútì, àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ gíráàfù yẹn nìkan ló máa là á lóye.

Ká ní ping (àkókò tí dátà fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀) láti Èkó sí London ń rìn láàrin 98 sí 101 milliseconds láti àárọ̀. Auto á fi 98 sísàlẹ̀, á fi 101 sókè, lẹ bá rí òkè àti àfonífojì bíi pé gbogbo nǹkan ti dàrú, bẹ́ẹ̀ nǹkankan ò ṣe línkì. Èmi máa ń fi min (ìsàlẹ̀ ìlà òòró) sí 0, màá wá fi soft max (òkè ẹ̀ tó ṣeé sún) sí bíi 200. Soft yẹn ṣe pàtàkì o, torí tí ping bá kọjá 200 gíráàfù ṣì máa na ara ẹ̀, ṣùgbọ́n max lásán máa gé orí ẹ̀, irú ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan (WACS, MainOne, ACE, SAT-3), orí yẹn gan-an lèèyàn fẹ́ rí. CPU ráútà, 0 sí 100, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹ má ṣe packet loss (dátà tó sọnù lọ́nà) bẹ́ẹ̀, 2% tó ti ń ba ìpè jẹ́ ò ní hàn rárá lórí 0 sí 100, soft max 5 ti tó o.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti bit àti byte. SNMP, tá a fi ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ráútà, ń ka octet, byte nìyẹn, bit mẹ́jọ, bit sì lẹni tó ta bandwidth fún yín fi ń ṣírò. Línkì 100 Mbps tó ti kún dẹ́nu á wá hàn bíi 12.5 MB/s, ẹni tó ń wò ó á ní ṣebí ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: rate(ifHCInOctets[5m]) * 8, kẹ́ ẹ mú bits/sec (SI) ní unit, ẹ fi IEC tó ń fi 1024 kà sílẹ̀, 1000 ni wọ́n fi ń ka bandwidth. Ẹ wá fa threshold (ìlà ìkìlọ̀) síbi tí línkì ti máa kún. HC inú ifHCInOctets yẹn náà o, òun ló sọ òǹkà yẹn di 64-bit, ẹ má yọ ọ́, ifInOctets lásán 32-bit ni, tí línkì 1 Gbps bá kún, láàrin bíi 34 seconds ló ti kà dópin tó tún padà sí òdo, kò sí ohun tí ìlà òòró lè ṣe sí ìyẹn.

Ti àkókò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: UTC (aago àgbáyé) fún gbogbo èèyàn. Tí dashboard bá ń lo aago Èkó, tí log ráútà ń lo UTC, wákàtí kan lẹ ó fi máa ṣìnà.

Ó ku àwọn tó ń fi traffic sápá òsì tí wọ́n ń fi packet loss sápá ọ̀tún nínú pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ìlà méjèèjì á kọjá lára wọn, èèyàn á rò pé ó nítumọ̀, kò sì ní, síkéèlì lásán ni. Ẹ yà wọ́n sí méjì, ẹ to ọ̀kan lé èkejì, kí àkókò wọn bára mu.