Elegantia ni mo fi òní rò

Òjò ò jẹ́ n jáde lónìí, mi ò sì ní purọ́ fún yín, inú mi dùn sí i, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ Látìn kan báyìí, elegantia. Òun làwọn ará Róòmù máa ń lò fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tàbí ìwé tó kọ bá já gaara, tó mọ́, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí kò yẹ ibẹ̀.

Inú kéèyàn ṣa nǹkan ló ti wá, kó mú èyí tó dáa kó da ìyókù nù, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ẹ wá wo àwa náà, tẹ́nì kan bá fẹ́ ká mọ̀ pé òun kàwé, á máa to gbólóhùn ńláńlá lé ara wọn títí tá a fi máa gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, a ó sì tún máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èébú ni nígbà kan. Gellius, ará Róòmù tó kọ̀wé ní bíi 1,800 ọdún sẹ́yìn, ní láyé Cato, olóṣèlú Róòmù àtijọ́, tí wọ́n bá pe èèyàn ní elegans, wọn ò yìn ín o, wọ́n ń sọ pé ó ti ń ṣàṣejù lórí aṣọ àti ìgbé ayé ẹ̀ ni. Cato kó o pọ̀ mọ́ onínàákúnàá àti olójúkòkòrò. Bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ṣùtì síni pé "afínjú!" ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di ayé Cicero, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù, ó ti di oríyìn.

Julius Caesar náà dá sí i. Ó kọ ìwé lórí bó ṣe yẹ kéèyàn máa sọ Látìn nígbà tó ń gba orí òkè Alps padà lọ bá àwọn ọmọ ogun ẹ̀ (ẹ gbà mí, ibi tí otútù ti ń mú un!), ó sì ní kéèyàn sá fún ọ̀rọ̀ tí etí ò gbọ́ rí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń sá fún àpáta.

Àmọ́ Terence, tó ń kọ eré orí ìtàgé, gan-an ni mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Carthage ni wọ́n ní wọ́n ti bí i, níbi tó ń jẹ́ Tùnísíà lónìí, ó ṣẹrú fún sẹ́nétọ̀ kan ní Róòmù, ìyẹn kọ́ ọ níwèé, ó sì dá a sílẹ̀. Láàárín ọdún 166 sí 160 kí wọ́n tó bí Jésù, eré mẹ́fà ló gbé jáde, èdè inú wọn sì mọ́ débi tí Cicero fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn kan gbà pé Laelius ló kọ wọ́n, torí elegantia tó wà níbẹ̀. Laelius! Ọmọ ńlá ní Róòmù, ọ̀rẹ́ Scipio ọ̀gágun. Wọ́n dárúkọ Scipio náà mọ́ ọn. Lójú tèmi ìlara ni, kò kàn ṣeé gbà fún wọn pé àlejò lè ṣa ọ̀rọ̀ ilé wọn ju onílé lọ. Terence fúnra ẹ̀ ò sì sẹ́ ẹ tààrà, ó ní ohun tí wọ́n pè ní èébú, oríyìn lòun kà á sí. Kí ni kó sọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ẹni ńlá yẹn ló ń tì í lẹ́yìn? Scipio yìí náà ló wá run Carthage ní 146, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ikú Terence.

Caesar yìn ín pé èdè mímọ́ ló fẹ́ràn, àmọ́ ó ní eré ẹ̀ ò lágbára tó. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ o, torí Hecyra, ìyẹn Ìyá Ọkọ, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹni tó ń rìn lórí okùn ló gba ọkàn àwọn èèyàn, nígbà kejì ariwo ta pé àwọn ajàjà fẹ́ jà, èrò ya wọlé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jà du àyè, eré tún dá dúró. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó wò ó parí. Òun ni mo fẹ́ kà báyìí, mo fẹ́ mọ ohun tí ìyá ọkọ yẹn ṣe.