"Run" kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹpẹtẹ

Lálẹ́ àná, àbúrò mi ń kàwé, ló bá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé imú náà máa ń sáré ni?" "His nose was running" ló rí. Ìbéèrè gidi! A ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Odò tó ń ṣàn, "run". Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, "run". Ẹni tó ń du ipò, "run" náà ni. Peter Gilliver, olóòtú kan ní Oxford English Dictionary, rí ìtumọ̀ 645 fún ọ̀rọ̀-ìṣe yìí nìkan. Ó gbà á ní nǹkan bí oṣù 9. Mo kan sáárá sí i. Ohun tó wù mí jù ni pé "flow" (ṣàn), "manage" (darí) àti "sprint" (sáré kíkankíkan) jọ ń bá "run" tan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé odò ń "sprint". Àbúrò mi ò tíì fẹ́ sùn o, "set" ló tún ń wò.