Ṣòkòtò òjò fún orí òkè: agbede méjì itan ló kù

Ṣòkòtò òjò tí mo ń fọwọ́ ara mi rán ṣì ń jò.

Alẹ́ àná ni mo yí inú ṣòkòtò náà síta, mo ká ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo fi klíìpù há a pa, mo gbé e kọ́ sókè ọpọ́n ìwẹ̀, mo wá rọ omi sí i títí ó fi dé ìbàdí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Orúnkún gbẹ, ìdí gbẹ. Ṣùgbọ́n ní agbede méjì itan, níbi tí ojú rírán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, ẹ̀kán omi kan yọ jáde nínú ihò abẹ́rẹ́, ó dúró, ó wú díẹ̀díẹ̀, ó já bọ́. Òmíràn ti ń yọ kí èyí àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Ìyókù ti parí. Ẹyọ aṣọ kan ni mo fi gé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Okùn ìbàdí ti wọlé. Lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, gíráàmù 87 ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú ra Gore-Tex, aṣọ òjò olórúkọ tí omi kì í gbà wọlé. Èyí tó jẹ́ onípele mẹ́ta dára, ó ń jẹ́ kí ooru ara jáde, àmọ́ ó wúwo, ẹsẹ̀ kì í sì í làágùn tó ẹ̀yìn àti àyà. Ohun tí mo fẹ́ ni èyí tí màá ká sínú àpò kékeré tí n kò ní mọ̀ pé mo gbé e, títí òjò yóò fi dé. Yẹ̀rì òjò tí àwọn kan ń ró mọ́ ìdí tún fúyẹ́ ju ṣòkòtò lọ, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ibi tí mo ń lọ ni kò bá a mu. Seathwaite ní àfonífojì Borrowdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń gbéra gun Scafell Pike, òkè tó ga jù lọ nílẹ̀ náà, ń gba òjò bíi 3,500 mílímítà lọ́dún, òjò ọ̀hún kì í sì í sábà wá láti òkè tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá a wá, yóò gba abẹ́ yẹ̀rì wọlé sí itan. Koríko tútù ẹ̀bá ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀ tí yóò rẹ ẹsẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú silpoly, ìyẹn polyester tí wọ́n fi sílíkóònù kun, gíráàmù 40 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Silnylon, ìyẹn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n kùn bákan náà, máa ń mu omi díẹ̀, yóò sì nà bó bá ti tutù. Polyester kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí agbede méjì itan. Tépù lásán tí wọ́n fi ń dí ojú rírán kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ tí wọ́n fi sílíkóònù kun, sílíkóònù fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà mo po sílíkóònù ojú fèrèsé ìdá kan mọ́ white spirit ìdá mẹ́ta, èyí tí àwọn akunlé fi ń la ọ̀dà, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ojú rírán lóde àti nínú. Ní gbogbo ibi tó kù, ó dí pinpin. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé yẹn: ojú rírán tí a ká tí a sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìpele aṣọ mẹ́rin. Tí irú rẹ̀ méjì bá gba ara wọn kọjá, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ìpele 16 nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ oníwọ̀n 70 ń fo ojú níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fo ibì kan láìrán, sílíkóònù kì í dé àárín, omi sì ń rìn láàárín ìpele títí yóò fi rí ihò. Bí ènìyàn bá tún jókòó lórí àpáta tútù, ìwúwo ara yóò máa ti omi wọlé ju bí òjò lásán ṣe lè tì í lọ.

Mo ti fẹ́ máa kun ún lọ bẹ́ẹ̀. Èrò mi ti yí padà. Ẹni tó bá ti wọ kẹ̀mbẹ̀ rí mọ̀ pé ìdí rẹ̀ gbàyè, kì í fa itan bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Èmi náà máa fi awẹ́ aṣọ gígùn kan sí i, láti orúnkún kan gba agbede méjì itan kọjá dé orúnkún kejì. Ojú rírán iwájú yóò parí sí etí rẹ̀ kan, ti ẹ̀yìn yóò parí sí etí kejì, àwọn méjèèjì kò sì ní fojú kanra mọ́. Níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí, ìpele aṣọ 10 ni yóò wà níbẹ̀ dípò 16. Ó lè fi gíráàmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Mo gbà.

Aṣọ tó ṣẹ́kù kò tó, mo ní láti ra sí i, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ máa kọ́kọ́ béèrè fún ègé kékeré kí ẹ tó sanwó. Ibi kan tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ náà lè gba ọ̀wọ̀n omi tó ga ní mílímítà 2,000 dúró kó tó jò. Nígbà tó délé, mo fi ẹnu bò ó, mo fẹ́ ẹ, atẹ́gùn sì gba inú rẹ̀ jáde. Aṣọ tí èémí bá ti ń kọjá, omi náà yóò kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ ní ibi bíi mélòó kan, nítorí kíkùn rẹ̀ lè dára ní etí kan kó ṣá ní àárín.

Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé màá fi síìpù sí ẹnu ẹsẹ̀ kí bàtà lè ríbi kọjá. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo gbé bàtà òkè mi wá, mo fi tépù wọ̀n ọ́n yípo láti gìgísẹ̀ dé òkè ibi okùn: sẹ̀ǹtímítà 41. Ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò yìí, bí mo bá tú rọ́bà rẹ̀, jẹ́ 44. Síìpù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo ihò abẹ́rẹ́ tí ì bá mú wá.

Ọjọ́ Sátidé ni màá gé awẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi abẹ́rẹ́ 60 rán silpoly rí, ṣé òwú kì í já bó bá kan ibi tó nípọn? Ihò rẹ̀ kéré, ohun tó ń wù mí nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó tún máa fo ojú níbi ìpele 10 yẹn.