Ìdọ̀bálẹ̀ Lè Dúró De Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Bàálù

Ẹ̀yin àbúrò mi, láti ìgbà tí pápákọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn ni ìbéèrè yín ti pọ̀ sí i. Ẹ ń bi mí bóyá ẹni tó ń lo awò ojú lè di awakọ̀ bàálù. Ó lè dà á, bí awò náà bá ti mú ojú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí dókítà ń fẹ́. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣì ń gbà á dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù ní Zaria. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, àti ìtìjú tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà.

Ẹ mọ ilé wa. Ẹ wo Ojúde Ọba, bí regberegbe kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn lọ kí Awùjalẹ̀. Kálukú mọ ẹ̀gbọ́n, ó mọ àbúrò. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, àwọn ṣọ́jà sì fi ìró bàtà kún un. Lórí bàálù ìkọ́ṣẹ́ Bulldog ní Kàdúná, lórí L-39 ní Kánò, "Yes, sir" ló ń ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀.

Bí a bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lókè, ọ̀gá tó wà níwájú là ń wò, a kì í wo ilẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1982, bàálù T-38 mẹ́rin ti àwọn Thunderbirds, àwọn tó ń fi bàálù dárà fún iléeṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, ń ṣe ìdánrawò ní aṣálẹ̀ Nevada. Wọ́n fò sókè, wọ́n yí po, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun ìdarí bàálù ọ̀gá há, imú rẹ̀ kò gbé sókè tó. Àwọn mẹ́ta yòókù tẹjú mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ lu ilẹ̀ pọ̀. Mi ò sọ pé ìgbọràn burú o. Ṣọ́jà tí kì í gbọràn, ewu ni.

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tí mo sì tún ìdánwò kọ kí n lè máa wa èrò, ìjókòó ọ̀tún ni wọ́n fi mí sí, ìjókòó igbákejì. Àbíkẹ́yìn ìyá mi ju ọmọ tó wà lápá òsì lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun lọ̀gá. Kò ṣòro fún mi láti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣòro fún ni mo wá bá pàdé nígbà tí mo di olùkọ́.

Nínú simulator, ẹ̀rọ ìdánrawò tí kì í kúrò nílẹ̀, olùkọ́ a máa mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, kó jẹ́ kí bàálù yà kúrò lọ́nà, ká wo ohun tí igbákejì máa ṣe. Ọmọ Ṣàgámù kan wà tó mọ ìwé bí ẹni mu ún. Mo jẹ́ ká máa já bọ̀ kíákíá ju bó ti yẹ lọ. Ó rí i. Mo rí i pé ó rí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu itan, ó wúkọ́: "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé… ṣé ẹ ń wo ibẹ̀ yẹn?" Mo dákẹ́. Ó tún wúkọ́. Ojú ẹ̀rọ pọ́n wẹ̀ẹ̀: a ti fọ́. Bó ṣe tú bẹ́líìtì, ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ tó ń bẹ̀ mí!

Bàálù èrò tó ń bọ̀ wálẹ̀ bó ti yẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 500, ìṣẹ́jú àáyá bí 40 ló kù kí táyà kan ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú" ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀.

Nọ́ńbà ni kí ẹ máa pè. "Speed, plus 20," ìyẹn ni pé eré ti fi 20 ju bó ti yẹ lọ. "Sink rate, 1,400," ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà tí a fi ń já bọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà kì í rí àgbà fín. Bí ọ̀gá ò bá dáhùn, ẹ tún un pè, kí ohùn yín le. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ gba ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ síta pé "I have control", kí ẹ gbé e padà sókè. Ìdọ̀bálẹ̀ lè dúró de ilẹ̀.

Ní Tenerife, erékùṣù kan ti Sípéènì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, nínú kùrukùru, ọ̀gá awakọ̀ kan ní KLM, iléeṣẹ́ bàálù Netherlands, ẹni tó ń dá àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, ti ń sáré láti gbéra. Ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù Pan Am, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ò tíì kúrò lọ́nà ni. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹnjiníà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò tíì kúrò, bàálù méjèèjì kọ lu ara wọn. Èèyàn 583 ló bá a lọ. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ò pa òwe yẹn fún inú bàálù. Lọ́dún 1979, NASA pe àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù jọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo awakọ̀ èrò ń gbà lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sún mọ́ ìjókòó òsì, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù wà. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ fún igbákejì yín pé ohunkóhun tójú ẹ̀ ò bá gbà, kó pè é. Bó bá ṣì í pè, ẹ dúpẹ́ ná kí ẹ tó tún un ṣe. Bí ẹ bá fojú gún un lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní lanu mọ́ títí ẹ ó fi dé Kánò. Èmi a máa fi kún un pé kó má pe mí ní Daddy títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀, kó pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè pè é. "Captain" ni wọ́n ń pè, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.