Oníṣòwò tó fẹ́ di ọnọ́rébù, ẹ kọ́kọ́ tún ṣọ́ọ̀bù tò

Ẹ̀yin oníṣòwò tó fẹ́ lọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn pé ọdún mẹ́rin péré ni sáà kan níbẹ̀. Níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ méjì bá ti jọ ni àga kan, wọ́n sábà máa ń yí i láàárín ara wọn ni, ìlú kejì á sì ti máa ka ọjọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbò nìkan kọ́ ló ń da ọjà àwọn oníṣòwò tó di aṣòfin rú, àìṣètò ọjà kí wọ́n tó búra wọlé ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ti owó ìbò kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 2 náírà ni fọ́ọ̀mù ipò yìí nínú APC, 600,000 nínú PDP. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 tí wọ́n lò nígbà náà ní olùdíje kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 30 lọ. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, kí owó ọjà àwìn má sì wọ ibẹ̀. Owó oṣù gangan, láìka àjẹmọ́nú, kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ́dún. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn san gbèsè ọjà?

Lọ́dún 2023, oṣù kẹta ni wọ́n dìbò, oṣù kẹfà ni wọ́n búra. Àárín yẹn ni kí ẹ ka gbogbo ọjà tó wà ní sítọ́ọ̀. Iye tí ẹ rà á ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ máa tà á. Ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ, ẹ kọ èyí tí àwọn oníbàárà jẹ yín. Ìwé yìí náà lẹ máa fi kún fọ́ọ̀mù dúkìá ti CCB, iléeṣẹ́ ìjọba tí àwọn tó wà nípò ń kéde dúkìá wọn fún. Àwọn kan máa ń kọ ilé tí wọn ò tíì kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan fi bo owó tí wọ́n ń retí. Irọ́ ni, ilé ẹjọ́ CCT sì wà fún un. Bí dúkìá kan bá yọjú lẹ́yìn náà tí owó oṣù yín kò lè rà, tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ọwọ́ yín ni àlàyé wà. Èrè ọjà tó mọ́ pàápàá lè di ẹjọ́ bí kò bá sí rìsíìtì.

Ẹ yí orúkọ ẹni tó ń buwọ́ lùwé àkáǹtì ọjà yín ní báńkì padà sí ti ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ilé iṣẹ́ yín du kọńtíráàtì ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kó ọjà láti Dubai tàbí Kútọnu, ẹ ti àkáǹtì òkèèrè pa. Ìwé òfin Nàìjíríà kò gba aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti ní in. Ẹ sì wá ẹni tí á máa lọ kó ọjà, torí Ilé gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán fún ọjọ́ 181 lọ́dún, ẹni tó bá sì pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí, àga rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Nínú Ilé, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àkáǹtì ìjọba wò ni ojú oníṣòwò ti wúlò jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sáré sí. Bí àbá ìṣúná bá dé, ẹ fi iye tí wọ́n ní àwọn máa ná lésìí wé iye tí wọ́n ná ní tòótọ́. Bí afárá kan bá ti wà nínú àbá ìṣúná fọ́dún mẹ́ta, tí iye tí wọ́n ná lé e lórí jẹ́ òdo, tó tún padà wá lọ́dún yìí, ohun tí ẹ máa bi kọmíṣọ́nnà nìyẹn.

Ọdún kìíní ni kí àbádòfin yín ti wọlé. Kíkà mẹ́ta ni, pẹ̀lú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ láàárín, kí gómìnà tó ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Èyí tí kò bá tíì kọjá nígbà tí Ilé bá parí sáà, ó kú síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń jáde, ẹ tún kéde dúkìá. Ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan, láìka àjẹmọ́nú, ni owó ìdágbére. Ó lè pẹ́ kó tó jáde, nítorí náà ẹ má ra ọjà àwìn lé e.