Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lórí Màámi

Alihamudulilahi! Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará, Màámi ti ti ilé ìwòsàn délé láyọ̀. Ọmọ ọdún 78 ni wọ́n. Ikú kanlẹ̀kùn wa n'Ijẹ̀bú-Òde níbí, a ò tiẹ̀ gbọ́.

Báwo la ṣe máa gbọ́? Ara wọn ò gbóná, wọn ò húkọ́. Oúnjẹ lásán ni wọn ò fẹ́ mọ́, wọ́n sì ń sùn ṣáá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n jókòó ti ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, wọ́n bu iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú pè mí. Ẹ má bínú, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ogbó ti dé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ni Ọlọ́run lò. Kò fọwọ́ kan iwájú orí wọn rárá. Àyà wọn ló tẹjú mọ́, ó ń wo aago. Ó ka èémí 34 ní ìṣẹ́jú kan. "Ẹ gbé Màmá, ká máa lọ. Òtútù àyà nìyí."

Nílé ìwòsàn, ohun tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n níka láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ pe 84. Ó yẹ kó lé ní 90 dáadáa. Wọ́n fa ọ́síjìn sí wọn nímú, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo bi dókítà pé òtútù àyà láìsí ibà kẹ̀? Ó ní ó wọ́pọ̀ lára àgbà. Ara fúnra rẹ̀ ló ń dá ibà sílẹ̀ tó bá ń bá kòkòrò jà. Ọjọ́ orí bá lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ a máa pẹ́ kí wọ́n tó dé ojú ìjà, wọ́n tiẹ̀ ń ṣìnà. Àwọn tó ń gbé kòkòrò mì nínú ẹ̀dọ̀fóró náà, á ti máa rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, tó ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun níṣẹ́, ti ń súnkì láti ìgbà èwe. Kòkòrò tí ì bá jókòó jẹ́ẹ́ nímú èèyàn á wá ráyè wọ àyà. Nígbà míì, orí tó dàrú ló ń kọ́kọ́ ké.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún un o! Ọdọọdún là ń dáwó aṣọ régbérégbé fún Ojúde Ọba, kò sẹ́ni tó dárúkọ abẹ́rẹ́ rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Lánàá, èmi ni mo rin ewùrà. Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n pe orúkọ mi, orúkọ èmi gan-an: "Iyọ̀ dà?"